Títọ́ Aṣíwájú Dàgbà: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Usamah Ọmọ Zaid

Wáàsí Jímọ̀ láti ẹnu Náíbì Lémọ́mù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn, tí Ó sì fi ohun tí kò mọ̀ mọ̀ ọ́n. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa wọn pẹ̀lú dáadáa títí di Ọjọ́ Ìkẹyìn. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ àsọọ́lẹ̀ ìpayà Ọlọ́hun fún ara mi ná, kí n tó sọ ọ́ fún yín.

Ní Jímọ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn tí a kírun tán, ọ̀kan nínú ẹ̀yin bàbá wa fà mí lápá sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ní: “Náíbì, ẹ wo sáàfù iwájú yìí. Ta ni ó kéré jù níbẹ̀?” Mo wò ó láti ọ̀tún dé òsì. Èmi ni. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta sì ni mo wà yìí. Bàbá náà kò sọ ohun mìíràn. Ó mú bàtà rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ti jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Kì í ṣe pé ọ̀dọ́ kò sí ní àdúgbò wa. Wọ́n wà ní ìta báyìí, lórí bẹ́ǹṣì àti lórí ọ̀kadà, wọ́n ń dúró kí a gbé ìrun dìde kí wọ́n tó wọlé. Bí a bá sì ti ṣe sálámà tán, wọn á ti bọ́ sóde kí a tó gbọ́wọ́ àdúà sókè. A máa ń bínú sí wọn, a sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: iṣẹ́ wo ni a fi lé wọn lọ́wọ́ nínú ilé Ọlọ́hun yìí tí wọ́n kọ̀ láti ṣe?

Ọlọ́hun ka ìwà àwọn ẹrúsìn Ọba Àjọkẹ́-ayé fún wa ní ìparí Suratul-Furqan. Lára àdúà tí Ó ní wọ́n máa ń ṣe, ní āyà 74, ni pé kí Ó fi ìyàwó wọn àti àrọ́mọdọ́mọ wọn ṣe ìtutù ojú fún wọn, kí Ó sì ṣe wọ́n ní aṣíwájú fún àwọn olùpayà Rẹ̀. Ẹ kíyè sí bí a ti so ọ̀rọ̀ ọmọ mọ́ ọ̀rọ̀ aṣíwájú nínú àdúà kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ní òun ni aṣíwájú, tí kò sí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òun nìkan ni ó ń dá rìn. A ní Bàbá Àdínnì, a ní Balógun Àdínnì, a ní Ìyá Sùnà. Oyè dára, a sì ń bu ọlá fún àwọn olóyè wa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni à ń wé láwàní oyè. Títọ́ ẹni tí yóò lè ṣíwájú a máa gba ogún ọdún.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a wo ẹnì kan tí Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ láti kékeré títí ó fi di olórí ogun. Ẹni náà ni Usamah ọmọ Zaid, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí òun àti bàbá rẹ̀.

Zaid ọmọ Harithah, bàbá rẹ̀, ti jẹ́ ẹrú rí kí Ànábì tó dá a sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni Ummu Ayman, obìnrin ará Habaṣa tí ó tọ́jú Ànábì fúnra rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Bí a bá fi ojú ìdílé wò ó, Usamah kì í ṣe ẹni tí àwọn Kùràíṣì yóò yà sọ́tọ̀ fún ipò ńlá. Ṣùgbọ́n Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) a máa gbé e sí itan kan, a gbé Hasan ọmọ Fatimah sí itan kejì, a sì bẹ Ọlọ́hun pé kí Ó fẹ́ràn àwọn méjèèjì. Àyànfẹ́ ọmọ Àyànfẹ́ ni àwọn sàábé ń pè é. Ìfẹ́ ni ó ṣáájú iṣẹ́. Ọmọ tí kò mọ̀ pé o fẹ́ràn òun, ìbáwí rẹ kò lè wọ̀ ọ́ létí.

Ibo ni Usamah ti kẹ́kọ̀ọ́? Lẹ́yìn Ànábì ni, lórí ohun tí Ànábì ń gùn. Nígbà tí Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun ń lọ bẹ Sa'ad ọmọ Ubadah wò lórí àìsàn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ó gùn, Usamah ni ó sì gbé sẹ́yìn. Ní ọjọ́ tí a ṣí Mákà, tí ó wọ inú Kaaba, Usamah wà lára àwọn ènìyàn díẹ̀ tí ó bá a wọlé. Nínú Hájì ìdágbére, láti Arafah dé Muzdalifah, Usamah ni ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ lórí ràkúnmí. Usamah fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn pé Ànábì sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà, ó tọ̀, ó ṣe àlùwàlá fúyẹ́, òun sì rán an létí ìrun, Ànábì sì dá òun lóhùn pé iwájú ni ìrun wà. Ẹ wo èyí dáadáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó ń rán Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun létí ìrun! Kò sí ẹni tí ó pè é ní aláìmọ̀wọ̀n-ara-rẹ̀. A dá a lóhùn, ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ mọ òfin kan nínú Hájì tí ó sọ fún wa títí di òní.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ mọ èyí ju èmi lọ. Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ kì í ti inú ìwé kọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ni yóò jókòó sí. Yóò rí bí ọ̀gá ti ń fi ìwọ̀n lé aṣọ olówó iyebíye kí ó tó gé e. Yóò sì gbọ́ bí ọ̀gá ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí aṣọ kò tíì ṣe tán, bóyá òtítọ́ ni ó sọ fún un tàbí irọ́. Ohun tí ó rí yìí ni yóò máa ṣe nígbà tí òun náà bá gba fíríìdọ̀m. Nínú mọ́ṣáláṣí wa ńkọ́? Nígbà tí a bá ń lọ parí ìjà tọkọtaya, ṣé a máa ń mú ọ̀dọ́ kan dání kí ó lè gbọ́ bí a ti ń ṣe é? Nígbà tí a bá ń pín ogún òkú, ta ni ó ń jókòó tì wá tí ń wo bí a ti ń ṣírò rẹ̀? Bí a bá kú lọ́la, àwa méjì péré ni a mọ ìṣirò ogún níhìn-ín, ìkejì mi sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Ànábì kò mọ sí kí ó kàn mú un dání. Nígbà tí àwọn ọ̀dàlẹ̀ pa irọ́ mọ́ Aishah ìyá wa, tí ọkàn Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun gbọgbẹ́, tí ìmísí sì pẹ́ kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, ó pe ènìyàn méjì láti bá wọn jíròrò lórí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀: Ali ọmọ Abu Talib àti Usamah. Ọ̀dọ́mọdé ni Usamah nígbà náà. Ó sọ ohun tí ó mọ̀, pé dáadáa nìkan ni òun mọ̀ nípa ará ilé Ànábì. Ìmísí sì padà wá jẹ́rìí sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òbí, ìgbà wo ni ẹ bi ọmọ yín ní èrò rẹ̀ lórí ohun kan tí ó dùn yín dé egungun?

Mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti le. Usamah ṣàṣìṣe, àṣìṣe ńlá ni. A rán wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Huraqah, ẹ̀yà kan lára Juhaynah. Òun àti ọkùnrin kan nínú àwọn Ansar lé ọ̀tá kan bá. Nígbà tí wọ́n ká a mọ́, ọkùnrin náà sọ gbólóhùn pé kò sí ọba kan tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Ọlọ́hun. Ará Ansar náà dáwọ́ dúró. Usamah fi ọ̀kọ̀ gún un pa. Nígbà tí ìròyìn dé Mọ̀dínà, Ànábì bi í bóyá lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ti sọ gbólóhùn yẹn ni ó pa á. Usamah ní ó kàn fi dáàbò bo ẹ̀mí ara rẹ̀ ni. Ànábì tún ìbéèrè náà bi í, ó tún un bi í, ó sì bi í bóyá ó la àyà ọkùnrin náà wò ni. Usamah ní Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun ń tún un sọ títí òun fi fẹ́ kí ó jẹ́ pé ọjọ́ náà gan-an ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Isìláàmù.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọ̀ràn kejì ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan láti ìdílé Makhzum, ìdílé ọlọ́lá ní Mákà, jalè. Àwọn ènìyàn rẹ̀ wá alágbàwí, wọ́n ní ta ni ó lè láyà bí kò ṣe Usamah àyànfẹ́. Ó lọ bá wọn bẹ̀bẹ̀. Àwọ̀ ojú Ànábì yí padà, ó bi í bóyá lórí ìjìyà tí Ọlọ́hun ti pa láṣẹ ni ó ti wá ń ṣìpẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni Usamah ní kí ó bá òun tọrọ àforíjìn. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, Ànábì dìde láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa àwọn ìran ìṣáájú tí wọ́n máa ń fi olè ọlọ́lá sílẹ̀ tí wọ́n sì ń fìyà jẹ olè aláìní, ó sì búra pé bí Fatimah ọmọ òun bá jalè, òun yóò gé ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ bíbí inú ara rẹ̀ ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ohun tí a gbà wá láti inú wáàsí náà, kò dárúkọ Usamah.

Ibí yìí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ ohun kan nípa ara mi, bí kò tilẹ̀ rọ̀ mí lọ́rùn.

Ní ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, ní ìlú mìíràn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ áfáà kí n tó wá bá yín, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lábẹ́ mi tí ó ti há gbogbo Alukuráánì. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì níwà. Mo fi í síwájú ìrun àsámù nínú oṣù Ràmàdáànì. Ní alẹ́ kejì, nínú Suratul-Baqarah, ó dé ibi ìtàn àwọn ènìyàn Musa tí a ní kí wọ́n wọ ìlú náà. Ẹ̀yin tí ẹ há Alukuráánì mọ̀ pé ìtàn yìí tún wà nínú Suratul-A'raf pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó jọra gidigidi. Ó ti inú súrà kan ṣubú sínú ìkejì. Mo ṣí i fún un láti ẹ̀yìn. Ìpayà mú un, ó tún ṣì í. Bí a ti ṣe sálámà, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo sì sọ lójú gbogbo jàmáà, níbi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí lẹ́yìn aṣọ ìkélé, pé ẹni tí kò tíì gbó kò gbọ́dọ̀ máa sáré lọ síwájú. Mo rò pé ìrun ni mo ń ṣọ́. Ọmọ náà ká ẹní ìkírun rẹ̀. Kò wá ní ọjọ́ kejì, kò sì tún dúró níwájú ènìyàn mọ́.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé ìbáwí ni mo ṣe, àti pé Ànábì náà bá Usamah wí. Ó rí bẹ́ẹ̀, ìbáwí Ànábì tilẹ̀ le ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nígbà tí mo tún ìtàn náà kà ni pé ìwà ni Ànábì bá wí, kò ti ẹni náà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀ràn Huraqah, ẹ̀yìn rẹ̀ lórí ràkúnmí ṣì ni àyè Usamah. Lẹ́yìn ọ̀ràn obìnrin Makhzum, Hájì Arafah tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣì ń bọ̀ níwájú. Èmi, ipò ọmọ náà ni mo gbà, mo wá fi ìbáwí bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ sì wo èso ìbáwí Ànábì: nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn Mùsùlùmí lẹ́yìn tí a pa Uthman, Usamah kò gbé idà sókè sí ẹnikẹ́ni tí ó ń sọ gbólóhùn náà. Ó ránṣẹ́ sí Ali pé bí ó tilẹ̀ wà lẹ́nu kìnnìún, òun yóò fẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọ̀rọ̀ ogun yìí, òun kò ní lọ́wọ́ sí i.

Ó yẹ kí n fi ti Abu Dharr kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé gbogbo ọ̀dọ́ ni a ó kàn máa tì síwájú. Abu Dharr tọrọ ipò lọ́wọ́ Ànábì. Ó sọ fún un pẹ̀lú ìfẹ́ pé aláìlágbára ni nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ohun ìfọkàntán ni, àbámọ̀ ni yóò sì jẹ́ ní Ọjọ́ Àjíǹde fún ẹni tí kò bá pé ẹ̀tọ́ rẹ̀. Olódodo ni Abu Dharr, kò sí iyèméjì. Òdodo nìkan kọ́ ni ó ń mú kí ènìyàn lè darí ènìyàn. Ẹni tí ń tọ́ni gbọ́dọ̀ lè fi ìfẹ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 11 lẹ́yìn Hijra, Ànábì kó ogun jọ láti lọ sí ìhà Ṣáámù, níbi tí a ti pa Zaid, bàbá Usamah, nínú ogun Mu'tah ní ọdún 8. Ó fi Usamah ṣe olórí. Ọdún méjìdínlógún sí ogún ni àwọn onítàn ní ó wà. Umar ọmọ Khattab wà lára àwọn ọmọ ogun tí yóò gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn kùn. Àìsàn tí Ànábì kú sí ti mú un nígbà náà. Síbẹ̀ ó jáde, ó sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ń bu ẹnu àtẹ́ lu jíjẹ́ olórí Usamah, wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí bàbá rẹ̀ rí, àti pé ó yẹ fún ipò náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ènìyàn, apá yìí ṣòro ju gbogbo rẹ̀ lọ. Fífi iṣẹ́ léni lọ́wọ́ rọrùn. Ọjọ́ tí àwọn àgbà bá wá ń kùn pé “ọmọdé yìí kẹ̀?”, ẹnu wo ni a ó fi dá wọn lóhùn?

Ànábì kú nígbà tí ogun náà ṣì pàgọ́ sí Jurf, lẹ́bàá Mọ̀dínà. Abubakar di arọ́pò rẹ̀. Àwọn kan ní kí ogun náà má lọ mọ́. Àwọn kan ní kí a fi àgbà ṣe olórí rẹ̀. Abubakar kọ̀, ó ní òun kò ní tú àsíá tí Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun so. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó jáde láti sìn wọ́n sọ́nà: Usamah wà lórí ẹṣin, Abubakar, ẹni ọgọ́ta ọdún, tí ó jẹ́ olórí gbogbo Mùsùlùmí, ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ti Usamah. Ó ní kí bàbá gun ẹṣin tàbí kí òun sọ̀ kalẹ̀. Abubakar kò gbà fún èyíkéyìí. Ó ní kí ni ó burú bí ẹsẹ̀ òun bá kó eruku díẹ̀ lójú ọ̀nà Ọlọ́hun. Lẹ́yìn náà ni ó tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ náà: bí ó bá yọ̀ǹda, kí ó fi Umar sílẹ̀ fún òun ní Mọ̀dínà. Ẹ gbọ́ o, ó tọrọ ni! Ó lè pàṣẹ, ta ni ìbá sì bi í? Ṣùgbọ́n bí ó bá mú Umar láìbéèrè, gbogbo ọmọ ogun ni ìbá mọ̀ pé olórí wọn kì í ṣe olórí. Usamah yọ̀ǹda, ó lọ, ó sì padà ní àlàáfíà.

Nítòsí wa níhìn-ín, a rí Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilori, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, ó sì kó o lọ sí Agége ní ọdún 1955. Ó ti kúrò láyé láti ọdún 1992, ṣùgbọ́n ẹ rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹ ó rí ilé-kéú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ àti èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dá sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa náà, Amrah ọmọ Abdur-Rahman dàgbà lábẹ́ Aishah ìyá wa, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn onímọ̀ ń gba hádíìsì lọ́dọ̀ wọn. Ìyàrá ẹ̀yìn aṣọ ìkélé wa kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi ìjókòó nìkan.

Mo ti bá Lémọ́mù Àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Láti àárọ̀ ọ̀la, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tí kíkà wọn tọ́ ni yóò máa gba ìrun Àsùbáà ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi yóò sì wà lẹ́yìn wọn nínú sáàfù. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ṣì í, èmi ni kí n ṣí i fún un, kí gbogbo ẹlòmíràn dákẹ́. Ìyá Sùnà yóò yan obìnrin méjì tí wọ́n kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún láti máa bójú tó ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Akápò wa ti gbà kí ọ̀dọ́ kan jókòó tì wọ́n ní ọjọọjọ́ ìṣirò owó. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí kò rọrùn fún wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ìṣirò ogún, kí ó bá mi lẹ́yìn ìrun Alaasari ní ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú ìwé àti bírò.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀, mo wá a lọ ní ọdún tó kọjá. Ó ń tún ọkọ̀ ṣe báyìí, ó ti bí ọmọ mẹ́ta. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó fún mi ní omi. Mo tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò ìrun tó, tí mo ní kí ó bọ́ síwájú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fà sẹ́yìn mi. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá ki wá ní Ràmàdáànì tí ń bọ̀, kí ó sì ka Suratul-Baqarah fún wa. Kò tíì fèsì. Èmi yóò tún lọ.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin àti gbogbo Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Àṣàkẹ́-ọ̀run.